Ọ̀sẹ̀ Tí A Fi Ń Retí Ibà

Ní apá ibi tí a gbé ní Ìgàndó nígbà yẹn, òórùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa pé òjò ń bọ̀. Atẹ́gùn á fẹ́ wá láti ọ̀nà ààtàn ńlá, á gbé èéfín tó ń rú níbẹ̀ tọ̀sán-tòru wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, á wá pò mọ́ òórùn kẹrosíìnì, òórùn aṣọ tí kò gbẹ dáadáa, àti àdí tí obìnrin tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa máa ń fi pa ọmọ rẹ̀ lára láàárọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìn ilé fún gbogbo wa. Ìwọ náà ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún ọ pé ọmọ kì í jókòó sí yàrá ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá ti lè rákòrò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbé. Bísíkítì tí ẹnì kan bá bù jẹ, ẹnì kejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á bù ú jẹ. Bí imú ọmọ kan bá ń ṣàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, imú gbogbo wọn ti ń ṣàn.

Ọmọ méjì ni mo ní nígbà náà. Ọkùnrin ni àkọ́bí, ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin ni èkejì, ó ti lé ní ọmọ ọdún kan díẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé ni. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, èmi sì wà ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ìkòtún, níbi tí a ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìn. Mo máa ń pọn èyí obìnrin lọ síbi iṣẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í jí i, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tí gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa bú sẹ́kún.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yìí pé oṣù mẹ́sàn-án, a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Kò sí ohun tó ṣe é lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà nílé tí mò ń ká káàdì tí mo gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná janjan. Mo dìde pé kí n bu omi. Kí n tó padà dé, ara rẹ̀ ti le gbagidi, ojú rẹ̀ ti yí sókè, apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já jì, já jì, itọ́ sì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo ké. Àwọn ará ilé rọ́ wọlé. Ẹnì kan ní kí n ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹnì kan ń wá àlùbọ́sà, ẹnì kan ń pe Jésù. Mo gbé e sáré jáde láìwọ bàtà, mo fò sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, gìrì náà ti dá, ọmọ náà ti ń sùn lọ́rùn mi. Dókítà tó rí wa sọ pé ara gbígbóná ló fà á. Mo bi í léèrè bóyá abẹ́rẹ́ náà ló mú ara rẹ̀ gbóná. Ó ní ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, kí n ṣáà máa dúpẹ́.

Ọmọ náà kò ní gìrì mọ́ láti ọjọ́ yẹn, orí rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n ròyìn fún un ló mọ̀. Èmi mọ ohun tí mo fojú rí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré.

Nítorí náà, nígbà tí èkejì tó gba tirẹ̀, mi ò gbé e lọ. Ó ti gba gbogbo àwọn tó ṣáájú. Mi ò pinnu pé kò ní gba èyí. Mo kàn ń sọ pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ á dé, màá ní ọmọ ń wúkọ́. Òmíràn á dé, màá ní iṣẹ́ pọ̀ nílé ìtẹ̀wé. Ọkọ mi máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo bá sì ti ní ó di oṣù tó ń bọ̀, á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Báyìí ni èéyi ṣe wọ àdúgbò. Ilé tó wà lẹ́yìn tiwa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ọmọ kan pọ́n, ó ń wúkọ́, gbogbo wa rò pé ọ̀fìnkìn ni, àfi bí nǹkan wẹ́wẹ́ pupa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sú u láti ẹ̀yìn etí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, ó bo àyà. Ó tún mú ẹlòmíràn ní ìkóríta. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ọmọ kan ní òpópónà kejì, ọmọ tí mo máa ń rí níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ti kú. Èéyi náà gba ibi àyà wọ̀ ọ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ oníbàárà kan ṣì wà níta níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbé e.

Alhaja, onílé wa, kó gbogbo ayálégbé jọ sí àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ onílẹ̀ ni, ìdílé wọn ti wà ní Ìgàndó kó tó di pé àwa dé, tó bá sì ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dà bíi pé ilẹ̀ ló ń pín. Ó fi ìborí rẹ̀ nu ojú, ó ní, “Gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé yìí ló máa gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó jáde síbí kó sọ ọ́, ká jọ mọ̀ ọ́n.” Kò wò mí, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló yí sí ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ ilé kì í pamọ́ fún ará ilé.

Bó ti sọ ọ́ yẹn, ńṣe ni ọkàn mi le sí i. Mo sọ fún ara mi pé òun ló ni ilé, òun kọ́ ló ni ọmọ mi. Tó bá di pé gìrì mú un, ta ni yóò gbé e sáré? Bẹ́ẹ̀ ni fóònù mi ò jẹ́ kí n sinmi. Àtìgbà kòrónà ni àwọn èèyàn ti máa ń fi oríṣiríṣi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Ọkùnrin kan ń sọ nínú ọ̀kan pé wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ dín ọmọ wa kù. Obìnrin kan nínú òmíràn ń bú àwọn ìyá tí kò gbà á, ó pè wọ́n ní apànìyàn. Mo gbọ́ méjèèjì títí dé òpin. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dá àwọn méjèèjì lójú tó. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tójú mi rí lọ́wọ́ mi nínú wọn.

Obìnrin tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa kéré sí mi. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ló dé ilé náà, nítorí náà Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti bímọ nígbà tí mò ń wí yìí, ṣùgbọ́n oṣù ọmọ náà kò pé kó tó jáde. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gbé e wálé. Kódà nígbà tó ti di ọmọ oṣù mẹ́rin, bí o bá gbé e, ńṣe ló fúyẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ká. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìpàdé Alhaja, Ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó gbé ọmọ náà sáyà.

“Mọ́mì Dàpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ṣé àbúrò Dàpọ̀ ti gba ti èéyi?”

“Kò tíì gbà á.”

Ó mi orí. Ó wo ọmọ mi tó ń fi ìdérí ìkòkò lu ilẹ̀. “Tèmi ò tíì tó gbà á ni. Wọ́n ní ó di ìgbà tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án.”

Mo ń retí kó sọ ohun tó kù. Ó ní “Ẹ ṣé, mà,” ó sì wọlé. Láti ọjọ́ náà, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ tí ọmọ mi bá wà níbẹ̀. Oòrùn mú gan-an lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì sí iná. Fèrèsé yàrá rẹ̀ kò ju àwòrán fèrèsé lọ, ògiri ilé kejì ló kọjú sí. Bí mo bá jókòó sílé, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń fi páálí fẹ́ ọmọ náà, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, á dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé àánú mú mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Inú ló bí mi. Mo ní, ṣé ó ti di pé ọmọ mi ló lárùn ni? Ara ọmọ mi kúkú le. Àmọ́ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, mo rí i pé kò ṣe àìdáa sí mi. Ó ń kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká, ìyẹn ni pé kó ti ìlẹ̀kùn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọkọ mi. Ó bọ́ táì rẹ̀, ó jókòó. Ó ní, “Ìwọ lo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè fipá mú ẹ. Èyí tó o bá ṣe, mo wà lẹ́yìn ẹ.” Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àbí? Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń wá ọkọ tó máa sọ irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó bá mi jiyàn ni. Mo fẹ́ kó sọ pé ó di dandan, kó lè jẹ́ pé òun ni màá di ẹ̀bi lé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ó wá ku èmi nìkan. Nígbà tí mo bá jókòó rò ó, ewu méjì ló wà níwájú ọmọ mi. Mo mọ ojú ọ̀kan. Mo ti gbé e lọ́wọ́ rí nínú kẹ̀kẹ́. Mi ò mọ ojú èkejì, ìròyìn rẹ̀ ni mo gbọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìròyìn náà ti wá dé òpópónà kejì. Èyí tí mo mọ ojú rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe òun ló ń pa ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ Ìyàwó. Bí mo bá ní nítorí rẹ̀ ni kí n ṣe gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ mi, ó ń dà bíi pé mo fi ọmọ mi sílẹ̀ gbọ́ ti ọmọ ẹlòmíràn. Bí mo bá sì ní kò kàn mí, mo ń gbọ́ páálí náà.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ni mo gbé e lọ. Mi ò tíì sọ pé màá gbà á o. Mo ní kí n lọ béèrè ọ̀rọ̀. Èrò pọ̀, àwọn ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òórùn lẹ́búlẹ́bù ọmọ àti òógùn gba gbogbo ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó kàn mí jẹ́ obìnrin gíga kan tó so awò ojú mọ́rùn. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí gba abẹ́rẹ́ yìí, gìrì sì mú un.

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí n jókòó kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó béèrè bóyá ọjọ́ abẹ́rẹ́ gan-an ni ara rẹ̀ gbóná tàbí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bóyá apá kan ló ń já tàbí méjèèjì, bóyá ó tètè dá, bóyá ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń kùn. Ó ń bá ìbéèrè rẹ̀ lọ.

“Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ abẹ́rẹ́ náà ló mú ara rẹ̀ gbóná,” ló wí. “Mi ò ní sọ fún yín pé kò lè rí bẹ́ẹ̀.”

Láti bí ọdún mélòó kan, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mi ò mọ ìgbà tí èjìká mi wálẹ̀.

Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí ara gbígbóná máa ń mú gìrì bá, ó máa ń dẹ́rù ba ìyá gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń kọjá, ọmọ á sì padà sí bó ṣe wà. Ó ní èéyi fúnra rẹ̀ ń mú ara gbóná ju èyí tí abẹ́rẹ́ ń fà lọ, òun náà ń mú gìrì wá, ó sì tún ń bá àyà àti ojú ọmọ jà.

“Ṣé ẹ lè búra fún mi pé kò ní ṣe eléyìí?”

“Mi ò lè búra, Mọ́mì. Mo lè kọ́ yín lóhun tẹ́ ẹ máa ṣe tó bá ṣe é.”

Ó sì kọ́ mi. Ó ní kí n tẹ́ ọmọ sílẹ̀ kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí n má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kódà ṣíbí, kí n tú aṣọ rẹ̀, kí n sì gbé e wá kíákíá tí kò bá tètè dá. Ó ní ibà náà, tó bá máa wá, kò ní wá lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí n máa retí rẹ̀. Mo na apá ọmọ mi sí i. Má pè é ní ìgboyà. Ó ti sú mi láti máa dá gbé ẹ̀rù náà ni, obìnrin yẹn sì ti bá mi gbé díẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Alhaja pé ó ti gbà á, ó ṣàdúrà lé e lórí, ó ní Alláàhù á fi àlàáfíà sí i. Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sẹ̀ ìretí. Mo gba àyè nílé ìtẹ̀wé. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá lára ọmọ náà ni mò ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ti tèmi dànù. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tètè kúrò níbi iṣẹ́, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni ibà náà dé. Ọkọ mi àti Dàpọ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ń dún láti gbogbo igun, ìsìn kan ń kọrin lé èkejì lórí. Mo kan ọmọ mi lọ́rùn, ó gbóná. Mo fún un ní pàrásẹ́támọ̀ olómi, mo bọ́ aṣọ rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Díẹ̀ nínú oògùn náà dà sí mi lára. Ó ń sunkún, ẹkún tí kò ní agbára.

Ẹnì kan kan ìlẹ̀kùn. Ìyàwó ni. Ọmọ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo gbọ́ ẹkún ẹ̀, mà. Ṣé ara ẹ̀ gbóná ni?”

“Ó gbóná. Ọmọ rẹ ńkọ́?”

“Ó wà lọ́dọ̀ Alhaja.” Ó ti wọlé, ó ti fa àpótí sún mọ́ ibùsùn. “Mo ti bi àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ibà abẹ́rẹ́ kì í ràn.”

“Ẹ̀rù ò bà ọ́?”

“Ó ń bà mí, mà.” Ó mú aṣọ tútù lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ẹsẹ̀ ọmọ mi. “Mi ò kàn lè fi yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ dá jókòó.”

A jókòó. Nígbà kan, ọmọ náà ta gìrì lójú oorun, apá rẹ̀ sì fò sókè. Àwa méjèèjì dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà, orí wa gbá ara wọn. Ó la ojú, ó wò wá bíi pé a ti ya wèrè, ó tún padà sùn. Ìyàwó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ẹkún wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìsìn ń parí káàkiri, òógùn ti bo iwájú orí ọmọ náà, ara rẹ̀ sì ti rọ̀. Ó jí, ó ń nawọ́ sí búrẹ́dì. Ọkọ mi wọlé tòun ti Bíbélì lábẹ́ apá, ó bá àwa mẹ́ta tí a ń jẹ búrẹ́dì lásán lórí ibùsùn. Nǹkan wẹ́wẹ́ díẹ̀ sú ọmọ náà láyà lẹ́yìn ìyẹn, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Gìrì kò wá.

Èéyi tún mú ọmọ díẹ̀ sí i ládùúgbò kó tó lọ. Kò wọ ilé wa. Mi ò lè sọ fún ọ pé torí ọmọ mi ni ọmọ Ìyàwó ṣe bọ́. Bóyá kì bá tí wọ ilé náà rárá. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í jẹ́ ká mọ ẹni tó dá a dúró. Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́sàn-án, a jọ gbé e lọ ni. Nígbà tó yá, a kó lọ sí Òkè-Odò, àwọn náà kó lọ sí ibòmíràn, fóònù ló kù láàárín wa.

Àwọn ìyá mìíràn ti béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà. Mi kì í sọ pé ó rọrùn, bẹ́ẹ̀ ni mi kì í bú wọn. Mo máa ń sọ ohun tójú mi rí, àti gìrì àti ibà, àti ìdí tí mo fi tún máa ṣe é lọ́la. Ohun tó yí padà nínú mi ju ìyẹn lọ. Kó tó di ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ro ti àdúgbò, ohùn Alhaja lágbàlá ni mo máa ń gbọ́, àti gbogbo ojú tó yí sí mi. Ní báyìí, obìnrin kan ni mo máa ń rí, tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì dìde.